Àìróorunsùn: Ìdí tí oògùn kẹ́mísì kò fi lè gba ará Kotobabi sílẹ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Yorùbá máa ń bi ara wọn láàárọ̀ ni "Ṣé dáadáa lẹ jí?" Ìdáhùn kan náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fún un: "A dúpẹ́." Ẹni tó sùn wákàtí mẹ́jọ á dúpẹ́. Ẹni tó ń ka igi àjà láti aago méjì òru títí ilẹ̀ fi mọ́ náà á dúpẹ́. Bí ibà bá ń ṣe èèyàn, á sọ ọ́. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí oorun bá ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, á gbé e pamọ́, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n bi òun pé kí ló ń rò, ta ló jẹ lówó, àbí ta ló ń bá a jà lójú oorun.

Ní Kotobabi, nílùú Accra, ìpamọ́ yìí ń pa èèyàn lára. Àdúgbò èrò ni. Kò jìnnà sí Accra New Town, tí wọ́n ń pè ní Lagos Town nígbà kan nítorí àwọn tó ti Èkó àti ilẹ̀ Yorùbá wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ jẹ́ ilé alágbàlá, tí yàrá kọjú sí yàrá, irú èyí tí ará Èkó ń pè ní face-me-I-face-you. Ẹni tí kò rí oorun sùn nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í dá gbé, síbẹ̀ òun nìkan ló ń dá jìyà.

Ohun tó yẹ kó yé gbogbo èèyàn kò le. Àìróorunsùn tó ti pẹ́ jẹ́ àìsàn. Ó ní ìtọ́jú tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti yẹ̀ wò dáadáa, ìtọ́jú náà kì í sì í ṣe oògùn tí wọ́n ń dì sínú bébà ní kẹ́mísì. Àmọ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ fún ẹni tó ní yàrá tirẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù àti àdúgbò tó dákẹ́ kò lè bá Kotobabi mu bí wọn kò bá tún un gé. Apá kan ìwòsàn yìí wà lọ́wọ́ aláìsàn, apá kan wà lọ́wọ́ aládùúgbò, apá kan sì wà lọ́wọ́ ìjọba.

Àìsùn yàtọ̀ sí àìróorunsùn

Èdè Yorùbá ti ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀ tipẹ́. Àìsùn ni ti òkú àgbà, ti ọdún òrìṣà, ti ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn òru ìparí Ramadan ní mọ́sáláàṣì. Èèyàn ló fẹnu ara rẹ̀ yàn án. Ó ní orin, ó ní oúnjẹ, ó ní èrò. Àìróorunsùn ni pé ibùsùn wà, àyè àtisùn wà, ara sì ti rẹ èèyàn, ṣùgbọ́n oorun kò wá.

Ẹ̀kẹta tún wà tí kò yẹ ká pò mọ́ ọn, ìyẹn àìtó oorun. Awakọ̀ trotro tó sùn ní aago mọ́kànlá alẹ́ tó sì jí ní aago mẹ́ta ààbọ̀ kó lè tètè wà lórí ìlà ní ibùdókọ̀ kò ní àìróorunsùn. Bí wọ́n bá fún un láyè, kíá ló máa sùn lọ. Iṣẹ́ ló gba oorun lọ́wọ́ rẹ̀, àkókò sì ni oògùn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré o. Ìwádìí kan tó jáde ní Ọsirélíà ní 1997 fi hàn pé ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17 máa ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé ìwọ̀n 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kéré tán, wákàtí méje ni àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà sọ ní 2015 pé kí àgbàlagbà máa sùn lálaalẹ́.

Ìgbà wo wá ni àìróorunsùn di àìsàn tó ti pẹ́? Nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀ ní òru mẹ́ta ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó ti tó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì ti ń ba ọ̀sán ẹni jẹ́. Ó lè jẹ́ pé oorun kì í tètè gbé onítọ̀hún lọ. Ó lè jẹ́ pé ó ń jí láàárín òru léraléra. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń jí kí àkùkọ tó kọ, tí kò sì ní lè padà sùn mọ́.

Àwọn kan gbà pé àìsàn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe ìwádìí láàárín àwọn àgbàlagbà tó lé ní 2,000, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 65 sókè, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Wọ́n rí i pé ìṣòro oorun wọ́pọ̀ láàárín wọn, ó sì máa ń bá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àwọn àìsàn ara tó ti pẹ́ rìn. Àwọn ìyá àgbà tó máa ń sọ pé "ọjọ́ ogbó ni, oorun ò lọ́wọ́ nínú ẹ̀ mọ́" lè ní ohun tó ṣeé tọ́jú lára.

Òru Accra kò dákẹ́

Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Ghana, EPA, ti fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún àdúgbò tí èèyàn ń gbé: ariwo kò gbọ́dọ̀ kọjá dẹ̀síbẹ̀lì 55 lọ́sàn-án, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 48 láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìlànà tó kọ ní 2009 fún òru àwọn ará Yúróòpù, ó ní kí ariwo ìta má kọjá 40. Ẹ rántí pé bí dẹ̀síbẹ̀lì bá fi 10 gòkè, etí á gbọ́ ọ bí ẹni pé ariwo náà ti di ìlọ́po méjì.

Láàárín 2019 sí 2020, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ghana àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nílẹ̀ òkèèrè gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo kọ́ sí ibi tó lé ní 140 káàkiri Accra àti agbègbè rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ariwo ọ̀pọ̀ ibi kọjá ìwọ̀n Ghana àti ti WHO, lọ́sàn-án àti lóru. Ẹni tó ń gbé Kotobabi kò nílò ẹ̀rọ kó tó mọ èyí. Sípíkà ilé ọtí wà, fèrè ọkọ̀ wà, jẹnẹrétọ̀ wà, ìwàásù àárọ̀ kùtù wà, òkú ọjọ́ Sátidé náà sì wà.

Ooru tún wà níbẹ̀. Kí oorun tó lè wọlé, ara gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀. Páànù tó ti gba oòrùn láti àárọ̀ kì í tètè jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, bí iná bá sì lọ, fáànù náà á dákẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ará Ghana fi sọ àìdúróore iná ní orúkọ, dumsor, ìyẹn "pa á, tàn án." Nígbà tí dumsor le jù ní nǹkan bí 2012 sí 2016, òwò tó bàjẹ́ ni wọ́n kà. Wọn kò ka oorun tó bàjẹ́.

Owó náà kò gbẹ́yìn. Ní oṣù Kejìlá 2022, ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Ghana wọ ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Nàìjíríà, owó epo gbé ẹnu sókè láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Bàbá tó ń ṣírò owó ilé ní aago kan òru kò ya ọ̀lẹ, kò sì ya wèrè. Ọpọlọ rẹ̀ ń ṣọ́ ilé.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló ń mú un pẹ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Ní 1987, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Arthur Spielman, ṣàlàyé pé nǹkan mẹ́ta ló ń pàdé kí àìróorunsùn tó di bárakú. Àkọ́kọ́ ni ìwà àbínibí: àwọn kan wà tí oorun wọn fẹ́lẹ́ láti kékeré. Ìkejì ni ohun tó ṣẹlẹ̀: òkú ṣẹ̀, iṣẹ́ bọ́, ọmọ ṣàìsàn, gbèsè wọlé. Ìkẹta ni ohun tí èèyàn wá ń ṣe láti fi wá oorun rẹ̀ tó sọnù. Ìkẹta yìí ló ń gbé àìsàn náà ró lẹ́yìn tí ìkejì bá ti kọjá lọ.

Ká sọ pé aránṣọ kan ní Kotobabi pàdánù ìyá rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sùn. Èyí kò ṣàjèjì. Nígbà tó rí i pé ó ti rẹ òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́ kó lè rí i bóyá oorun á tètè wá. Ó ń sùn wákàtí méjì lọ́sàn-án lórí àga ìránṣọ. Ó ń mu kọfí kó lè parí aṣọ oníbàárà. Lóru, á máa yẹ fóònù wò kó lè mọ iye wákàtí tó kù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọdún kan kọjá, ọgbẹ́ ọ̀fọ̀ ti ń san, ṣùgbọ́n oorun kò padà. Ibùsùn rẹ̀ ti di ibi tó ti ń jà. Ara rẹ̀ ti kọ́ pé bí òun bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò sí ọ̀tá kankan nínú ìtàn yìí. Gbogbo ohun tó ṣe ló bọ́gbọ́n mu lójú ẹni tó bá rẹ̀. Àmọ́ gbogbo wọn ló ń lé oorun sí i.

Kẹ́mísì, ìgò ọtí àti àtùpà àárín òru

Nǹkan mẹ́ta ni irú aránṣọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sá lọ bá. Àkọ́kọ́ ni oògùn. Piriton tí wọ́n ṣe fún ara yíyún àti imú tó ń ṣàn ti di oògùn oorun ní ọ̀pọ̀ ilé, àti Valium tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rà láìsí ìwé dókítà. Irú Piriton lè mú kí èèyàn tòògbé, àmọ́ kì í wo àìróorunsùn sàn, ó sì lè mú kí arúgbó ṣubú tàbí kí iyè rẹ̀ rá. Valium àti àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ara á mọ́ ọn, á máa béèrè sí i. Bí èèyàn bá pò ó mọ́ ọtí tàbí tramadol, èémí lè dúró. Ẹni tó bá sì ti ń lò ó fún oṣù mélòó kan kò gbọ́dọ̀ jáwọ́ lójijì, nítorí ìyẹn náà ní ewu. Dókítà ló máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ìkejì ni ọtí. Ife bítà kan lálẹ́ máa ń tètè gbé èèyàn sùn, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọtí bá ń ṣàn kúrò lára ní ìdajì òru kejì, á jí i, á sì fọ́ oorun tó kù sí wẹ́wẹ́. Obì àti kọfí wà nínú ìdílé mìíràn. Káféènì ló wà nínú àwọn méjèèjì, ó sì máa ń gbà tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ara tó lè mú ìdajì rẹ̀ kúrò. Obì tí èèyàn jẹ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án.

Ìkẹta ni àlàyé tẹ̀mí. Bí èèyàn bá ń jí ní aago mẹ́ta òru lójoojúmọ́, wọ́n á ní ayé ló ń lu fèrèsé. Àdúrà kì í pa èèyàn lára, ó sì máa ń fi ọ̀pọ̀ ọkàn balẹ̀. Ohun tó ń pani lára ni kí wọ́n sọ fún ẹni tí kò tíì sùn láti oṣù mẹ́rin pé kó tún wá ṣe àìsùn ọjọ́ mọ́kànlélógún láti fi ṣẹ́gun ọ̀tá rẹ̀. Aago mẹ́ta òru jẹ́ àkókò tí oorun gbogbo ẹ̀dá máa ń fẹ́lẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń jí díẹ̀ lóru. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ á yí ẹ̀gbẹ́ padà, kò sì ní rántí láàárọ̀. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ ní ẹ̀rù á dìde jókòó.

Ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́

Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, American College of Physicians, ní kí gbogbo àgbàlagbà tó ní àìróorunsùn tó ti pẹ́ kọ́kọ́ gba ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní CBT-I kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀ oògùn. Àwọn dókítà oorun ní Yúróòpù sọ ohun kan náà ní 2017, wọ́n sì tún un sọ ní 2023. Orúkọ rẹ̀ le lẹ́nu, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe awo. Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ àti ìwà ni. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, kò sì sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀.

Òpó àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé kí ibùsùn padà di ti oorun. Onímọ̀ kan, Richard Bootzin, ló gbé èyí kalẹ̀ ní 1972. Má ṣe lọ dùbúlẹ̀ àyàfi bí oorun bá ti ń kùn ọ́. Bí o bá ti dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tí oorun kò wá, dìde. Jókòó síbòmíràn, ṣe nǹkan jẹ́jẹ́ tí kò ní iná fóònù nínú, títí oorun yóò fi padà. Má ṣe wo aago. Àti pé, bó ti wù kí òru burú tó, aago kan náà ni kí o máa jí láàárọ̀, Sátidé àti ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú.

Òpó kejì ni pé kí èèyàn dín àkókò orí ibùsùn kù. Èyí ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù, òun ló sì máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ padà sọ́dọ̀ aránṣọ yẹn. Ó ń dùbúlẹ̀ láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago márùn-ún àárọ̀, wákàtí mẹ́sàn-án. Nínú rẹ̀, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ló ń sùn, ó sì fi mẹ́rin tó kù jà. Ìtọ́jú á ní kó má wọlé sùn mọ́ títí di aago 11:30 alẹ́, kó sì jí ní aago márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á le. Àmọ́ oorun tó ti fọ́n káàkiri wákàtí mẹ́sàn-án á kóra jọ sínú márùn-ún ààbọ̀. Bó bá ti ń fi nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò yẹn sùn, wọ́n á fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un. Bí wọ́n ṣe máa ń fi kún un nìyẹn, títí oorun rẹ̀ á fi tó o. Wọn kì í gé e kọjá wákàtí márùn-ún. Awakọ̀, aláboyún, ẹni tó ní wárápá tàbí ẹni tí àìsàn ọpọlọ tó ń múni láyọ̀ òdì ń ṣe kò gbọ́dọ̀ dán apá yìí wò láìsí dókítà.

Òpó kẹta ni ọ̀rọ̀ inú. Àníyàn tí kò rí ààyè lọ́sàn-án á wá gba ààyè lóru. Kí aago méje alẹ́ tó lù, jókòó pẹ̀lú ìwé kan, kọ ohun tó ń dà ọ́ láàmú sílẹ̀ àti ohun kan tí o lè ṣe nípa rẹ̀ lọ́la. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ lè sọ ọ́ sínú fóònù tàbí fún ẹnì kejì rẹ̀. Gbèsè kò ní tipa bẹ́ẹ̀ san, ṣùgbọ́n kò ní nílò láti jí onígbèsè láàárín òru kó tó lè gba èsì.

Bí yàrá bá jẹ́ ẹyọ kan ńkọ́?

Àwọn ìwé ìmọ̀ràn á ní "jáde kúrò ní yàrá." Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tó ń gbé yàrá kan ní Kotobabi á béèrè pé ká jáde lọ síbo? Ìdáhùn wà. Ohun tí ìtọ́jú náà fẹ́ kì í ṣe yàrá kejì. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ara mọ̀yàtọ̀ láàárín ibi tó ti ń sùn àti ibi tó ti ń jókòó. Àga ṣiṣu kan lẹ́nu ọ̀nà tó fún un. Ẹní kan ní kọ̀rọ̀ yàrá tó fún un, bí ó bá ti jẹ́ pé èèyàn kì í sùn lórí ẹní yẹn. Ẹni tó ń sùn lórí ẹní lè yí i ká, kó sì gbé àpótí ìjókòó. Inú àwọ̀n ẹ̀fọn náà kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń wo fídíò.

Ariwo ńkọ́? Ariwo tó ń bọ̀ lójijì ló ń jí èèyàn ju èyí tó ń dún bákan náà lọ. Ìdí nìyí tí ohùn fáànù fi máa ń bá àwọn kan bo ariwo ìta mọ́lẹ̀. Fóòmù kékeré tí wọ́n ń fi dí etí kò wọ́n. Ooru ńkọ́? Ìwẹ̀ alẹ́ ṣáájú oorun jẹ́ àṣà tí Accra àti ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa, ó sì ń ràn ara lọ́wọ́ láti tutù. Láàárọ̀, kí èèyàn jáde síta kí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run bà á lójú. Òun ló ń tún aago inú ara tò, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìdílé ló máa gbà á lọ́wọ́ jù. Aya tó ń dìde lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní aago méjì òru nílò ọkọ tó mọ̀ pé ìtọ́jú ló ń ṣe. Àwọn ọmọ tó ń tan fóònù nílò òfin pé lẹ́yìn aago mẹ́wàá, iná ti kú. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ẹ jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, kí ó má bàa di ìjà lóru.

Oorun kì í ṣe ẹrù ẹnì kan ṣoṣo

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ oorun kéré lójú ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn kò lè ṣiṣẹ́ tó máa lé ebi. Àìróorunsùn tó pẹ́ ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rìn. Olówó lè ra ilé sí ibi tó dákẹ́ àti ẹ̀rọ amúlétutù. Tálákà ni ariwo àti ooru ń gba oorun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn.

Òfin ariwo wà ní Accra, ohun tó kù ni ẹni tó máa mú un ṣẹ. Ní oṣù Kẹrin 2018, mínísítà ọ̀rọ̀ àyíká nígbà náà, Kwabena Frimpong-Boateng, béèrè ìdí tí wọn kò fi lè fi WhatsApp pe èèyàn wá kírun. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ẹ̀fẹ̀. Èkó gba ọ̀nà mìíràn: ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́sáláàṣì 20 pa nítorí ariwo, àti àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí mélòó kan. Ẹ̀fẹ̀ kò tó, títì pa nìkan kò sì tó. Ohun tó yẹ ni àdéhùn àdúgbò: aago mẹ́wàá alẹ́, sípíkà kọjú sínú ilé, kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, kò sí gbohùngbohùn lójú títì. Kí ilé ìjọsìn, ilé ọtí àti olókùú jọ tẹ̀lé e, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun nìkan ni wọ́n ń ṣọ́.

Accra mọ bí a ti ń dákẹ́. Lọ́dọọdún, kí ọdún Homowo tó dé, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ Ga máa ń fòfin de ìlù àti ariwo fún nǹkan bí oṣù kan. Ìjà ti ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ rí, àmọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláàṣì àti àwọn alálẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó ṣàdéhùn. Ìlú tó lè dákẹ́ nítorí àṣà lè dákẹ́ nítorí aláìsàn.

Ìtọ́jú ńkọ́? Òfin ìlera ọpọlọ wà ní Ghana láti 2012, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 2023. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí ẹni tí kò rí oorun sùn lọ rí dókítà ọpọlọ, Accra Psychiatric Hospital tó ti wà ní Asylum Down láti 1906 ló máa wá sí i lọ́kàn, ẹ̀rù á sì bà á pé wọ́n á pe òun ní wèrè. Ó yẹ kí ìtọ́jú yìí bẹ̀rẹ̀ ní pólíkíníìkì àdúgbò, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti kọ́. Ó ṣeé ṣe. Ní Zimbabwe, Ọ̀jọ̀gbọ́n Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti máa jókòó lórí bẹ́ńṣì, kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé ó ṣiṣẹ́. Ní Ìlú Ọba, láti 2022 ni àjọ NICE ti fọwọ́ sí áàpù kan tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú oorun, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Rédíò ni áàpù ará Kotobabi. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Twi, Ga, Haúsá àti Yorùbá kò ní ná ilé iṣẹ́ rédíò tó owó eré bọ́ọ̀lù kan.

Yorùbá ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ìjọba tó kọ òfin dẹ̀síbẹ̀lì 48 tí kò sì gbọ́ sípíkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ kò sùn. Ó ń pirọrọ ni.

Ìgbà tó yẹ kí èèyàn tètè rí dókítà

Ẹni tó bá ń hanrun gan-an tí èémí rẹ̀ sì ń dúró díẹ̀ lójú oorun, ẹni tó ń tòògbé nídìí ọkọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi lálẹ́, àti ẹni tí ayé ti sú tàbí tó ń ronú àtipa ara rẹ̀, kí wọ́n má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí wọ́n lọ rí dókítà kíá, kí ẹnì kan sì bá wọn lọ.

Fún àwọn tó kù, iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí láìná kọ́bọ̀. Mú aago kan tí wàá máa jí lójoojúmọ́, má sì yẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà. Fi fóònù síbi tí ọwọ́ kò ti lè tó o láti orí ibùsùn. Sọ fún ẹnì kan nínú ilé pé o kì í sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ lọ́la bóyá dáadáa lo jí, sọ òtítọ́ fún un.